Nígbà Tí Mọ́tò Bá Jókòó Sílẹ̀ ní Suame

Kí oòrùn tó mú láàárọ̀ ni ariwo òòlù ti máa ń gba Suame kan. Ìhà àríwá ìlú Kumasi, lórílẹ̀-èdè Gánà, ni àdúgbò náà wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Offinso, Techiman àti Tamale. Suame Magazine ni wọ́n ń pè é, àmọ́ kì í ṣe irú magasíìnì téèyàn ń kà o. Kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ tó kó dé Suame, ìtòsí ibi táwọn ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó ọta ìbọn pa mọ́ sí ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì sì ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n kó kúrò, wọ́n kó orúkọ náà dání.

Ilẹ̀ Kumasi pupa, ṣùgbọ́n ti Suame dúdú bí ìdí ìkòkò, nítorí ọ́ìlì tó ti ń kán sí i láti ọdún gbọọrọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: alájórin, akunmọ́tò, oníwáyà, àtàwọn tó ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ bí ẹni ń bó ẹ̀gẹ́. Fítà ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì. Àwọn obìnrin tó ń ta wáákyé, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, ń gba àárín àwọn mọ́tò kọjá bí ẹni pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ni.

Ọ̀wọ́n ọjà wà lára ohun tó sọ ibẹ̀ di ńlá. Láàárín ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980, owó ilẹ̀ òkèèrè ṣọ̀wọ́n ní Gánà débi pé àtira ẹ̀yà ara mọ́tò wọlé di ogun. Àwọn òǹkàwé tó dàgbà á rántí January 1983, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ní káwọn ará Gánà máa lọ sílé, tí wọ́n fi orúkọ wọn pe àpò tí wọ́n fi kó ẹrù títí dòní. Ilé tí wọ́n padà sí nígbà náà, ohun tí kò sí nílé ìtajà, ẹni tó bá mọ ọ́n rọ ló ń rọ ọ́. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Kumasi ti dá ibi iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Suame lọ́dún 1980 láti máa fi ẹ̀rọ àti ọgbọ́n iṣẹ́ tuntun han àwọn oníṣẹ́ ọwọ́.

Àmọ́ ọkọ̀ tó ń wọ Suame lónìí kì í ṣe lọ́rì onípákó ìgbà yẹn mọ́. Ká ní jíìpù tòkunbọ̀ kan ti Accra dé. Obìnrin oníṣòwò ló ni ín, Tamale ló ń lọ, ibi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó sùn ní Kumasi lálẹ́ Wẹ́sìdeè. Nígbà tó jí lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, igun iwájú mọ́tò náà lọ́wọ́ ọ̀tún ti jókòó sílẹ̀ bíi ràkúnmí tó fẹ́ gba ẹrù.

Kò sí sípíríǹgì irin lábẹ́ irú mọ́tò yìí. Afẹ́fẹ́ inú àpò rọ́bà mẹ́rin ló gbé e dúró, ọ̀kọ̀ọ̀kan nídìí táyà kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kékeré kan ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ náà, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé e kiri, kọ̀ǹpútà sì ń wò ó bóyá mọ́tò ga tó bó ṣe yẹ. Range Rover kan ti ní irú rẹ̀ láti 1992, Mercedes sì fi sínú S-Class tó jáde lọ́dún 1998. Ìrìn rẹ̀ tutù lára bí ìgbà téèyàn jókòó sórí tìmùtìmù. Ṣùgbọ́n rọ́bà ni rọ́bà ń jẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ ra mọ́tò náà lókè òkun ló jẹ adùn rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa dé èbúté Tema, àpò náà sábà máa ń ti gbó.

Ọ̀dọ́kùnrin fítà tí obìnrin náà kọ́kọ́ bá fi kọ̀ǹpútà yẹ mọ́tò náà wò. Kò pẹ́ tó fi sọ pé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti kú. Iye tó ní tuntun máa jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí obìnrin náà kó dání fún ìgbéyàwó. Ó ti fẹ́ ka owó sílẹ̀ kí bàbá àgbàlagbà kan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì tó dá sí i. Wofa ni gbogbo èèyàn ń pe bàbá náà, bí àwọn Asante ṣe ń pe arákùnrin ìyá ẹni.

“Maame,” ni bàbá náà wí, “kó tó di àná, bí ẹ bá tan mọ́tò láàárọ̀, ṣé ẹ máa ń gbọ́ nǹkan tó ń kùn lábẹ́ rẹ̀?”

“Wofa, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ó máa ń kùn títí n ó fi jáde ládùúgbò.”

“Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ò sì yé fẹ́ òmíràn sí i. Ó gbóná ló ṣe dákẹ́.”

Ibi tí ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò nìyí, ní Suame àti níbi gbogbo tí irú mọ́tò yìí bá dé. Kọ̀ǹpútà á sọ ẹni tó dákẹ́, kò ní sọ ẹni tó dá a lágara. Bí wọ́n bá fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tuntun sí i láìdí ojú ibi tó ń jò, tuntun náà á ṣiṣẹ́ títí á fi jóná.

Wọ́n fi í sílẹ̀ kó tutù. Nígbà tí wọ́n tan mọ́tò, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kùn, mọ́tò sì dìde. Wofa kò jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kankan ki orí bọ abẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi gbé e lé ìdúró irin, torí afẹ́fẹ́ lè ṣàdédé jáde kí mọ́tò sì tẹ èèyàn mọ́lẹ̀. Igun kan ṣoṣo ló wọlẹ̀, nítorí náà àpò ibẹ̀ tàbí páìpù rẹ̀ ló kọ́kọ́ fura sí. Ká ní iwájú méjèèjì ló wọlẹ̀ ni, ibi tí wọ́n ti ń pín afẹ́fẹ́ ni ì bá kọ́kọ́ lọ wò.

Ohun èlò tó wá lò kò ju ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n pò mọ́ omi lọ. Ẹni tó bá ti rí fọganáísà tó ń wá ojú ihò lára túùbù ti mọ iṣẹ́ náà. Wọ́n fín in sí ẹnu páìpù, kò hó. Wọ́n ṣí ìbòrí àpò náà, wọ́n fín in síbi tí rọ́bà ti ká kò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ló sábà máa ń là, èèyàn kì í sì í rí i bí mọ́tò bá wà nílẹ̀, àfi bí wọ́n bá gbé e sókè tí rọ́bà nà.

Ọmọṣẹ́ kan ní kí wọ́n yọ àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dànù, kí wọ́n fi sípíríǹgì sí i. Àbá náà ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1957, Cadillac fi àpò afẹ́fẹ́ sábẹ́ Eldorado Brougham ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó ń jò ṣáá, ọ̀pọ̀ oní mọ́tò ló fi sípíríǹgì rọ́pò rẹ̀. Kò burú fún ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ò ní kó ẹrù púpọ̀, àmọ́ ìrìn rẹ̀ máa le, iná ìkìlọ̀ ò sì ní kú lójú rẹ̀. Ẹrù ìgbéyàwó ló kún ẹ̀yìn jíìpù yìí. Ẹlòmíì ní àpò kan wà lára jíìpù tí wọ́n ti tú palẹ̀. Wofa tẹ̀ ẹ́ wò, ó dá a padà. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti èyí tó là, ọ̀nà Tamale sì lé ní 300 kìlómítà.

Àpò tuntun ni wọ́n ní kí wọ́n fi bọ́ọ̀sì òru gbé wá láti Accra. Ó dáni lójú pé obìnrin náà kò sùn dáadáa. Láàárọ̀ Fúráídeè, wọ́n dè é mọ́bẹ̀, wọ́n sì kọ́kọ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí ìwúwo mọ́tò tó balẹ̀ lé e, torí bí àpò òfìfo bá gba ìwúwo, ó lè ká kò lódìlódì kó sì là. Wọ́n tún fín ọṣẹ sí i. Kò hó.

Ó yẹ kó ti máa lọ, àmọ́ Wofa kò fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ó fi téèpù wọn gíga igun náà láti ilẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye náà sókè táyà, ó sì pa mọ́tò. Obìnrin náà jẹ wáákyé, ó ń wo aago. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Kò fi nǹkan kan yẹ̀.

Ní aago méjì ọ̀sán, jíìpù náà dorí kọ Offinso, ti òun ti ṣọ́ọ̀kì lára.