A Kì Í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ

Ìyá mi àgbà kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọmọ níṣojú wọn. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," ni wọ́n máa ń wí. Ìdí nìyí tí n kò fi sọ fún wọn irú iṣẹ́ tí mo ṣe ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tó kọjá, nígbà tí mò ń wá owó kún owó ìdánwò WAEC mi. Ọmọ ni mò ń kà.

Àbúrò bàbá mi ń wa bọ́ọ̀sì ńlá tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa ń háyà láti fi gbé ọmọ lọ wo ibi àfẹ́. Èmi ni mò ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mò ń pín omi, mò ń na ọ̀rá sí ẹni tó bá fẹ́ bì, mo sì ń ka àwọn ọmọ kí ọkọ̀ tó gbéra. A lọ sí Àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta, ibi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní 1830. A lọ sí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi kún àwọn ibi àjogúnbá ayé ní 2005. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń pé. Ọkàn mi wá balẹ̀ jù.

Ọmọ 38 la kó láti Ìbàdàn lọ sí Erin-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi ti ń dà láti orí àpáta ní ìpele méje. Bí a ṣe fẹ́ padà ni òjò dé. Àwọn ọmọ sáré wọ ọkọ̀ pẹ̀lú ariwo. Mo kà dé ogún, mo ṣì í kà. Ojú tì mí láti tún un bẹ̀rẹ̀. Mo wo ìjókòó láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó kún lójú mi.

"Ṣé wọ́n pé?"

"Wọ́n pé, sà."

A ti dé Iléṣà kí ọmọbìnrin kan tó mú bàtà wá bá mi. "Bọ̀ọ̀dá, àbúrò mi ò tíì wá gba bàtà ẹ̀." Mo wo ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Báàgì tí wọ́n da aṣọ òjò bò ló wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ yí padà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. A bá ọmọ náà lábẹ́ àtíbàbà ìyá ẹlẹ́pà kan, tó ti fi ìró rẹ̀ bò ó. Ó wò mí, ó ní, "Mo rí yín nígbà tí ẹ ń lọ."

Olùkọ́ àgbà kọjú sí àbúrò bàbá mi: "Dírẹ́bà, ṣé ẹ ò ka ọmọ ni?" Wọn kò fèsì. Bí mo bá dákẹ́, orí wọn ni ẹ̀bi náà máa wà, ilé ẹ̀kọ́ náà kò sì ní pè wọ́n mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi ni. N kò kà wọ́n tán, mo purọ́."

Ìyá ẹlẹ́pà ni àbúrò bàbá mi kó owó iṣẹ́ mi ọjọ́ náà fún. Nígbà tí a tún fẹ́ rìnrìn àjò, wọ́n gbé ìwé orúkọ lé mi lọ́wọ́. "Má kà wọ́n mọ́. Pè wọ́n lórúkọ, kí oníkálukú jẹ́ ọ." Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ìsinmi fi parí.

Mo padà sọ fún ìyá mi àgbà. Mo rò pé wọn yóò bá mi wí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Owó là ń kà. Ọmọ ní orúkọ."