Mọ́tò tí kò ṣe nǹkan kan ni mò ń gbé lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì

Kò sí ohun tí mo mọ̀ nípa mọ́tò tí kò ná mi lówó. Àdìrẹ ni mò ń tà l'Óṣogbo. Mo máa ń kó o lọ sí Ọjà Atákúnmọ́sà n'Íléṣà, bí ọjà bá sì kú níbẹ̀, mo ń gba Ìwáràjà kọjá sí Adó-Èkìtì. (Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ni òṣómàáló gan-an ni mò ń tà láwìn fún o, ẹ bá mi gbàdúrà.) Òṣogbo sí Iléṣà kò pé 40 kìlómítà, ìyẹn ló sì ń tan èèyàn jẹ. A ó ní mọ́tò kò rìn jìnnà, kí la tún fẹ́ ṣe sí i? Bẹ́ẹ̀ kòtò ni, eruku pupa ni, ẹrù tó wúwo ni, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ l'Ọ́láìyá ni. Ìwé tí àwọn tó ṣe mọ́tò fi sínú píjìn-hóòlù sọ ọ́ kedere pé irú ìlò báyìí ló ń tètè gbó ẹ́ńjìnì, pé kí ẹni tó bá ń lò ó bẹ́ẹ̀ tètè máa pààrọ̀ nǹkan. Ṣùgbọ́n tókunbọ̀ ni Corolla mi, èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ìwé náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Frankfurt ló kà á fún mi lórí fóònù, ìyẹn lẹ́yìn tí ojú mi ti rí tó.

Òkè Ẹ̀fọ̀n ló kọ́kọ́ là mí lójú. Ẹni tó bá ti Adó bọ̀ mọ̀ pé bí a bá ti kúrò ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ọ̀nà á máa dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ ni, kọ́nà lórí kọ́nà, títí a ó fi já sí Ìwáràjà. Lọ́jọ́ kan, ọjà kò tà l'Adó, nítorí náà ẹrù tí mo gbé lọ náà ni mò ń gbé bọ̀. Mò ń tẹ bírékì, mò ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ mi kàn ń wọlẹ̀ lọ ni. Pẹ́dààlì ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, mọ́tò kò sì dúró. Mo já gíà wá sí tú, ẹ́ńjìnì pariwo, mo já a sí wáànù, mo ń fa háńdù-bírékì díẹ̀díẹ̀, mo wá rọra dárí rẹ̀ sínú koríko létí ọ̀nà. Ó dúró. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ́ kí n tó lè dìde. Nígbà tí mo tún fẹsẹ̀ kan bírékì, ó ti le padà, kò jọ pé ohunkóhun ṣe é rí.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe n'Íléṣà ni mo gbé e lọ bá. Mo ti sọ fún un pé ọ́ìlì bírékì kún, pé mẹ́káníìkì mi kì í jẹ́ kó dín. Ó mú abẹ́rẹ́ oníke kan, ó fà díẹ̀ nínú rẹ̀, ó dà á sínú ìgò mímọ́. Ó dúdú. Ó wá da tuntun sínú ìgò kejì, ìyẹn mọ́ lóló, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní, "Ìyá wa, kò dín, ó bàjẹ́ ni."

Àlàyé tó ṣe fún mi nìyí. Ọ́ìlì bírékì a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bó ti wù kí ìdérí rẹ̀ le tó. Èyí tí wọ́n kọ DOT 3 sí lára, bó bá ṣì jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó títí ooru á fi tó 205 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, 140 péré ti lè mú un hó. Bírékì tí èèyàn ń tẹ̀ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀ a sì máa gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Bó bá ti hó, omi tó ti di afẹ́fẹ́ ló kù nínú páìpù, afẹ́fẹ́ sì ṣeé fún pọ̀, kò lè ti bírékì. Ìdí nìyẹn tó fi padà bọ̀ sípò nígbà tó tutù. Nílé, wọ́n ní a ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Mo ṣe àmín, tọkàntọkàn ni mo sì ṣe é. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ọdún méjì-méjì bá ti pé, wọ́n á fa gbogbo ọ́ìlì bírékì dànù, wọ́n á da tuntun sí i.

Ti omi rédíétọ̀ ló wọ́n jù. Ẹni tó kọ́kọ́ lo mọ́tò yìí n'Íbàdàn ti jẹ́ kí wọ́n yọ tẹmosítáàtì rẹ̀ jù nù, wọ́n sì ti so fáànù ní dáríẹ́ẹ̀tì, tó fi jẹ́ pé bí a bá ti ṣíná báyìí, ó ń fẹ́ nìyẹn. Ẹ bi ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì wa, wọ́n á ní ìlú òtútù ni tẹmosítáàtì wà fún. Ọ̀rọ̀ yìí ti ba ẹ́ńjìnì jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè kà lọ. Iṣẹ́ tẹmosítáàtì ni láti sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnì títí yóò fi gbóná tó bó ti yẹ, nǹkan bí 82, kó tó ṣílẹ̀kùn fún un kó lọ tutù. Ọ̀yẹ́ Òṣogbo àti ọ̀gbẹlẹ̀ rẹ̀, kò sí èyí tó sún mọ́ 82. Bí kò bá sí i, ẹ́ńjìnì kì í gbóná tó, epo bẹntiróòlù ń lọ ràì, ọ́ìlì ń di ẹrẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé kì í jẹ́ kí a tètè mọ̀ pé rédíétọ̀ ti ń dí, nítorí ọwọ́ géèjì kì í gòkè. Omi pọ́ọ̀mù ni wọ́n ń bù sí tèmi, kì í ṣe kúláǹtì, ìpatà sì ti dí i pátápátá. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnì kò lè mú un mọ́ra mọ́, tópù gásìkẹ́ẹ̀tì ló lọ. Nígbà tí a fa géèjì ọ́ìlì yọ, ó funfun bí ògì. Omi àti ọ́ìlì ti pàdé. Iye tí mo san lọ́jọ́ yẹn ì bá ra tẹmosítáàtì àti kúláǹtì tí màá lò títí màá fi fi ọjà sílẹ̀.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, 5,000 kìlómítà ni mo fi mọ sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023 ni mo ti rí i pé ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń fò ni pípààrọ̀ ọ́ìlì. Mi ò bá wọn wí, owó kò sí. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń rà lópòó létí títì yẹn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ògbólógbòó tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n rọ sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní orúkọ ńlá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi ìṣó lu kẹ́ẹ̀gì tí a bá ti dà tán kí ọmọṣẹ́ mẹ́káníìkì tó gbé e. Inú wọn kì í dùn sí i, nítorí wọ́n ń rí owó nídìí kẹ́ẹ̀gì òfìfo.

Táyà náà nìyẹn. Lẹ́yìn tí Michelin àti Dunlop dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Nàìjíríà, ní 2007 àti 2008, tókunbọ̀ gba ìgboro. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀, lẹ́yìn lẹ́tà DOT: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Fọkanáísà lè fi nǹkan kùn ún kó dán, dídán yẹn kò pa nọ́ńbà náà dà.

Mẹ́káníìkì mi nísinsìnyí kò fẹ́ràn àṣà mi, pé kí n gbé mọ́tò wá kó tó bàjẹ́, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ní mọ́tò tí kò ṣe nǹkan kan kò lówó nínú. Mo rò ó, mo rí i pé òótọ́ ló sọ: bí èèyàn kì í bá sanwó fún ẹni tó wo nǹkan tó sì ní ó dáa, yóò wá ohun tí kò dáa níbẹ̀ ni. Nítorí náà mò ń san owó yíyẹ̀wò fún un, ìbáà rí nǹkan, ìbáà má rí. Ó ń gbé e sókè, ó ń mi bọ́ọ̀lù jọ́ọ̀ǹtì, ó ń wo bírékì pádì, ó ń yọ fíítà afẹ́fẹ́ kó gbọn eruku Ìjẹ̀ṣà dànù. Èmi ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹrù ti pọ̀ ju Corolla lọ báyìí, Sienna ni mò ń wá. Àwọn ti àtijọ́ ń lo tímínì bẹ́líìtì, láti ti 2007 ni wọ́n ti fi ṣéènì sí i. Bó bá jẹ́ oníbẹ́líìtì ni mo rí, owó bẹ́líìtì tuntun ti wà nínú ohun tí màá yọ kúrò lára iye tí wọ́n bá pè é, nítorí mi ò gba kìlómítà tí dáṣíbọ́ọ̀dù tókunbọ̀ bá sọ gbọ́. Ọkùnrin kan ní ọ̀kan tó fẹ́ tà ní Òkè-Fíà. Mo ní kó má ṣíná rẹ̀ rárá láàárọ̀ tí mo bá ń bọ̀, pé mo fẹ́ bá ẹ́ńjìnì ní tútù, kí n fọwọ́ ara mi ṣí ìdérí rédíétọ̀ kí n wo omi tó wà níbẹ̀. Ó ní òun ò rí irú oníbàárà báyìí rí. Mo ní kó má bínú, pé mẹ́káníìkì mi náà ń bá mi bọ̀.