ÒKUN KÉKERÉ NÍNÚ ILÉ: Ẹ̀KỌ́ TÍ ÀPÓTÍ DÍGÍ Ń KỌ́ ARÁ LẸ́KKÍ ÀTI AJAH

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ wa, ẹ bá wa kálọ sí Ajah lónìí. Ẹni tó bá wọ dánfó ní Ọbalénde tó forí lé Ajah, àárín omi méjì ló ń gbà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé gogoro kì í jẹ́ kó rí wọn. Òkun ńlá wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọ̀sà wà lọ́wọ́ òsì. Láti Ìkátẹ̀ dé Jakande, dé Àgúngì, dé Ìgbò-Ẹfọ̀n, títí dé oríta Ajah, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ṣé ibi tí omi pọ̀ tó báyìí ló yẹ kí èèyàn ti máa fowó ra òkun sínú pálọ̀? Àwọn kan ń ṣe é o! Wọ́n á ra àpótí dígí, wọ́n á pọn omi iyọ̀ kún un, wọ́n á kó òkúta òkun, ẹja aláràbarà àti iyùn alààyè sí i. Ẹ má pè é ní eré ọmọdé. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ sì kan ìyá tó ń ta edé ní Ajah ju olówó tó ni àpótí lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti iyùn. Iyùn tí ìyàwó ń so mọ́rùn, tí ọba ń fi ṣe ọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ wa rò pé òkúta ni. Irọ́ ni! Ẹranko kéékèèké inú òkun ló ń kọ́ ọ, bí ìgbín ṣe ń kọ́ ìkarahun rẹ̀. Inú òkun tó wà láàárín Áfíríkà àti Yúróòpù ni wọ́n ti ń wú iyùn pupa gidi, àwọn Potogí sì wà lára àwọn tó ń kó o wá sí Bìní láyé àtijọ́. Ìbátan rẹ̀ ni àwọn iyùn tó ń kọ́lé ńláńlá sísàlẹ̀ omi ní Indonesia àti ní Òkun Pupa. Etíkun Èkó kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Iyanrìn ló wà nísàlẹ̀ tiwa, omi odò sì ń gbé ẹrẹ̀ wọ inú rẹ̀, kì í jẹ́ kó mọ́ gaara.

Ẹ ó bi mí pé, "Kí ló dé tí wọn ò kúkú lọ pọnmi ní Òkun-Ajah?" Ìbéèrè yín dára. Omi etíkun wa, pàápàá lásìkò òjò, ó ń gba ẹrẹ̀, epo ọkọ̀ àti ìdọ̀tí ìlú mọ́ra. Iyùn inú àpótí kò lè fara da ìyẹn. Nítorí náà, omi tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa ni wọ́n ń pò pọ̀ mọ́ iyọ̀ òkun gbígbẹ tó ń ti òkè òkun wá: gíráàmù 35 sí lítà kan. Àpótí lítà 200 á jẹ iyọ̀ kílò 7. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ṣe é lò, kò ní àwọn èròjà tí iyùn fi ń kọ́lé. Omi kànga ẹlẹ́rọ ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Lẹ́kkí, ẹ mọ̀ ọ́n: òmíràn pọ́n bíi tíì nítorí irin inú rẹ̀.

Ẹni tó ń se ọbẹ̀ á tètè mọ èyí tó kàn. Bí ọbẹ̀ bá gbẹ lórí iná, omi ló lọ, iyọ̀ kò lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àpótí náà. Omi lásán tí kò níyọ̀ ni wọ́n ń bù dí èyí tó gbẹ. Ẹni tó bá ń bu omi oníyọ̀ sí i ṣáá, àpótí rẹ̀ á níyọ̀ jù, ẹja á kú.

Sùúrù gan-an ni olórí irinṣẹ́. Ẹ̀gbin ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń di májèlé nínú omi. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò rí ló ń jẹ májèlé yẹn, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ẹni tó bá da ẹja sí i lọ́jọ́ tó ra àpótí, òkú ẹja ló máa kó.

Iná NEPA wá ńkọ́? Ẹ̀yin aránṣọ àti aṣerunlóge, ẹ mọ̀ ọ́n lára. Bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ tó ń da omi rú dákẹ́, kò ní pẹ́ tí ẹja á fi máa yọjú wá afẹ́fẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ń ra jẹnẹrétọ̀, inverter àti ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì nìyẹn. Ooru tún ń bẹ. Nílùú òyìnbó, ẹ̀rọ tó ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n ń rà. L'Ékòó, fáànù ni wọ́n ń kọ sí omi kó lè tutù. Bí omi bá gbóná jù fún ọjọ́ pípẹ́, iyùn á funfun báláú, ó sì lè kú. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ nínú òkun gidi. Ní oṣù kẹrin 2024, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà kéde pé iyùn ń funfun káàkiri àgbáyé, ìgbà kẹrin rèé.

Àmọ́ ẹ̀rọ olówó ńlá kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1961, Lee Chin Eng, ará Jakarta ní Indonesia, ìlú olóoru bíi tiwa, ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn Tropical Fish Hobbyist bí òun ṣe ń sin tòun: omi òkun, òkúta òkun tí ohun alààyè kún ara rẹ̀, ìmọ́lẹ̀, àti afẹ́fẹ́ tó ń hó díẹ̀díẹ̀ nínú omi. Òkúta yẹn ló ń fọ omi mọ́.

Nínú àwọn ẹja tí wọ́n ń sìn, èyí tó gbajúmọ̀ ni clownfish, awọ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n, ìlà funfun 3 ló yí i lára ká. Ẹ gbọ́ àrà tó ń dá! Akọ ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń jẹ́. Èyí tó bá tóbi jù á di abo, òun sì ni olórí ilé. Bí ìyá bá kú, baba á di ìyá. Baba náà ló ń tọ́jú ẹyin. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ gbọ́ o!

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ wá nìyí. Iṣẹ́ tí òkúta àti kòkòrò tíntìntín ń ṣe nínú àpótí, ẹrẹ̀ àti igi ẹ̀gbà etí ọ̀sà ń ṣe é fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ náà ni ọmọ edé ti ń dàgbà: ìyá rẹ̀ á yé sókun, ọmọ á wọ inú ọ̀sà wá, bó bá dàgbà á tún padà sókun. Ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ń rọ́ iyanrìn lé láti fi kọ́lé. Ibẹ̀ náà ni gọ́tà ń gbé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lọ. Ní oṣù kìíní 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ike funfun tí ẹ̀yin olóúnjẹ ń pè ní take-away, ṣùgbọ́n òfin kì í gbálẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló ń gbá a. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí Lẹ́kkí ṣe rí kí ilé tó bò ó, kó yà sí Lekki Conservation Centre, lọ́kàánkán Chevron, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990. Irà àti igbó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹni tó ni àpótí mọ̀ pé bí òun bá da ìdọ̀tí sí i láàárọ̀, òun máa rí òkú ẹja lálẹ́. Ọ̀sà tóbi, kì í tètè kú, ìyẹn la fi ń tan ara wa jẹ. Ọjọ́ tí edé bá wọ́n lọ́jà, olówó á ra àpótí mìíràn. Ìyá ẹlẹ́dé ńkọ́, ọ̀sà wo ló máa rà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ajah, Badore àti Ẹ̀pẹ́, kí lẹ rí sí i? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.