Kọ̀ǹpútà mọ ìṣirò, bàbá ahunṣọ ló mọ òwú: ohun tójú tíṣà kan rí n'Ísẹ́yìn

Ẹni tó bá dé Ìsẹ́yìn tí kò gbúròó òfì, àfi kó jẹ́ pé oorun ló sùn gba ìlú náà kọjá. Ìlú sányán, àlàárì àti ẹtù ni.

Tíṣà ìṣirò kan wà níbẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ti di eré ìdárayá rẹ̀. Bó bá ti jẹun alẹ́ tán, ó di ìdí kọ̀ǹpútà àlòkù tó rà, níbi tó ti ń kọ́ ara rẹ̀ ní Excel. Kò sí ọ̀gá kankan o, fídíò orí fóònù ni. Bí iná bá lọ, ó dọjọ́ kejì nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ta aṣọ òkè, ló bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé: "Bàbá Ìbejì, owó dátà tí ẹ ń ná yìí, ọjọ́ wo ló máa di owó ọbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ló bá ní òun yóò ṣe ohun tó máa bá ìyàwó òun ka òwú.

Ẹ wò ó, bíi ínǹṣì 4 péré ni ìbú aṣọ òkè lórí òfì. Télọ̀ ló ń rán an mọ́ra. Ká ní ìró kan gba ọ̀já 14, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní yáàdì 2, yáàdì 28 nìyẹn. Bí èèyàn 20 bá fẹ́ dá a láṣọ ẹbí, ó di 560. Bí òwú bá wá dín láàárín iṣẹ́, ìjàngbọ̀n dé, torí ẹni tó padà sọ́jà lè má rí àwọ̀ kan náà mọ́. Bó bá sì pọ̀ jù, owó ló há sílé yẹn.

Tíṣà ṣe é tán, inú ẹ̀ ń dùn, ó gbé e lọ bá bàbá ahunṣọ kan ládùúgbò. Bàbá wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Èyí tó máa ṣẹ́kù sídìí òmù, tí ọ̀kọ̀ ò ní lè hun, ẹ kà á mọ́ ọn? Òwú tó máa ń súnkì béèyàn bá ṣe ń hun ún ńkọ́?"

Kọ̀ǹpútà ò parọ́ o, ohun tí wọn ò sọ fún un ni kò mọ̀. Sátidé méjì gbáko ni tíṣà fi jókòó tí bàbá, tó ń fi tépù wọn òwú kí wọ́n tó hun ún, tó tún ń wọn ọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Ní báyìí, ìyàwó rẹ̀ kì í lọ ra òwú àfi tó bá ní, "Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ ná."

Kẹ́nikẹ́ni má rò pé òfì àti kọ̀ǹpútà ò bára tan. Lọ́dún 1804, Joseph Marie Jacquard nílẹ̀ Faransé ṣe òfì tó ń fi páálí oníhò pàṣẹ fún òwú tó máa gòkè. Irú páálí yẹn ni Charles Babbage, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ lò fún ẹ̀rọ ìṣirò ńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán rẹ̀ láwọn ọdún 1830. Nígbà tí kọ̀ǹpútà sì dé, páálí oníhò ni wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí tíṣà ròyìn èyí fún bàbá, ohun tó sọ ni pé, "Áà, àṣé ọmọ wa ni!"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ nǹkan tuntun lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gbé ẹ̀rọ wọ iṣẹ́ oníṣẹ́, ẹ lọ jókòó tì í ná. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀.