Òkúta Tó Ń Wó Lọ ní Utah

AGBÉLÉ: Àbúrò, wọ́n ní òkúta lo lọ wò nínú aṣálẹ̀ Utah, ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, nínú ọgbà Arches. Ṣé òkúta wọ́n nílẹ̀ wa ni? Olúmọ ń bẹ l'Abẹ́òkúta, òkè Ìdànrè ń bẹ. Bí ó bá sì jẹ́ ti Delicate Arch, ọ̀kan nínú òkúta ibẹ̀, wọ́n ti yà á sára nọ́ńbà mọ́tò Utah. Àwòrán rẹ̀ kún orí fóònù.

ATÀJÒBỌ̀: Ẹ̀gbọ́n, akọ òkúta ni Olúmọ àti Ìdànrè. Ti Arches, iyanrìn tó dì ni. Iyọ̀ tí òkun àtijọ́ fi sílẹ̀ ní nǹkan bíi 300 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá. Nígbà tí ẹrù òkúta orí rẹ̀ wọ iyọ̀ yìí lọ́rùn, ó ń sún kiri, òkúta tó gùn ún sì sán. Omi òjò wọ inú pàlàpálá náà. Bí òtútù bá mú, omi a dì, a wú, a sì máa bó òkúta díẹ̀díẹ̀ títí ihò yóò fi là á já. Irú òkúta oníhò bẹ́ẹ̀ lé ní 2,000 níbẹ̀. Ohun tí àwòrán kì í sọ ni pé omi kò tíì ṣíwọ́ iṣẹ́. Ní 1991, pẹpẹ òkúta ńlá kan já bọ́ lára Landscape Arch, ọ̀kan nínú wọn, tó gùn tó nǹkan bíi mítà 90. Láti ìgbà náà, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba abẹ́ rẹ̀ mọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún 2008, Wall Arch, òmíràn nínú wọn, wó lulẹ̀.

AGBÉLÉ: Ọ̀rọ̀ tìẹ gan-an ló ń gbè mí lẹ́sẹ̀. Bí òjò yóò bá wó o, kí ni ìjọba wá ń ṣọ́? Kí ni ti "má gùn ún, má tẹ ibẹ̀ yẹn"?

ATÀJÒBỌ̀: Arúgbó yóò kú, ẹ̀gbọ́n, síbẹ̀ a kì í torí bẹ́ẹ̀ tì í ṣubú. Ní ti "má tẹ ibẹ̀ yẹn", ẹ wo ilẹ̀ tó dúdú, tó rí ṣágiṣàgi láàárín igbó kéékèèké ibẹ̀. Ohun ẹlẹ́mìí ni: àwọn ohun tín-tìn-tín tí ojú lásán kò rí, pẹ̀lú mọ́ọ̀sì, ló so iyanrìn pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo lè fọ́ ọ, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó san. Ìdí nìyẹn tí òfin náà fi yẹ. Ìtumọ̀ ààbò tí ìjọba wọn fún ibẹ̀ láti 1929, tí wọ́n sì fi kún un ní 1971, ni pé òjò àti òtútù nìkan ni yóò máa pinnu èyí tí yóò wó. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ. Kó gbé omi tó pọ̀ dání, kó má sì kúrò lójú ọ̀nà.