Òdiwọ̀n Kẹta Tí A Gbàgbé

Àwọn àgbà ní, bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí a máa fi ọ̀ràn ro ara wa wò. Òwe yìí ti bá wa wí rí nínú ìṣirò, a sì rò pé ó yẹ kí a ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ lè fi ìṣìnà wa kọ́gbọ́n.

Ní abúlé kan níhà Ọ̀sẹ̀, níbi tí a ti ń ṣe iṣẹ́ ìjọ tí a sì ń kọ́ àwọn ọmọ, ìrókò gbígbẹ kan wà létí ilé ìsìn. Ẹ̀rù ń bà wá pé ìjì yóò wó o lu ènìyàn, a sì pinnu láti gé e. Ilé ìsìn wà ní ìwọ̀-oòrùn igi náà, ilé àwọn ará wà ní gúsù. Àárín àríwá àti ìlà-oòrùn nìkan ni ó ṣófo. Ṣùgbọ́n ní ìhà náà, ní 66 ẹsẹ̀ bàtà sí ìdí igi, ni àká iṣu opó kan wà.

Kò sí ẹni tí ó lè dúró sí ọ̀nà tí igi yóò gbà wó kí ó máa fà á. Nítorí náà a so okùn méjì mọ́ ọn: ọkùnrin mẹ́wàá fa ọ̀kan sí àríwá, mẹ́wàá fa èkejì sí ìlà-oòrùn. Agbára ní ìwọ̀n, ó sì ní ìhà tí ó kọjú sí. Bí agbára méjì tí ó dọ́gba bá ń fa ohun kan sí ìhà méjì, àárín wọn ni yóò gbà lọ. Èyí a mọ̀, a kò sì ṣìnà nínú rẹ̀.

Ó ku gíga igi. A mú ike onígun mẹ́ta tí àwọn ọmọ fi ń ya àwòrán, èyí tí igun rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 45. A di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan mú kí ó tẹ́jú, a sì ń fi ẹ̀yìn rìn títí ojú wa fi rí ṣóńṣó igi gba etí rẹ̀ tí ó dagun. Ní ìwọ̀n 45, bí a ti jìnnà sí igi tó ni igi ga tó. A wọn ilẹ̀, ó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà. A wí fún opó náà pé, “Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, yóò ku ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà kí ó tó dé ibi iṣu yín.” Ó dáhùn pé, “Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, Tíṣà.”

Igi wó sí ìhà tí a fẹ́ gan-an, ṣóńṣó rẹ̀ sì fọ́ àká náà. Ìyá kò sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa iṣu rẹ̀. Ìdákẹ́ rẹ̀ dùn wá ju èébú lọ.

Ní ọjọ́ Ajé a ya gbogbo rẹ̀ sí ojú pátákó, a kò fi nǹkan pamọ́ fún àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, níbo ni ẹsẹ̀ yín wà nígbà tí ẹ ń wo igi náà?” Ẹnu wa wọhò. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ ni a dúró sí. Ẹsẹ̀ wa fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ga ju ìdí igi lọ, ojú wa sì fi márùn-ún ga ju ẹsẹ̀ wa. Apá tí ó wà lókè ojú wa nìkan ni 60 náà. 11 wà nísàlẹ̀. Igi náà jẹ́ 71! A ti fi ìṣọ́ra wọn ìlà-oòrùn àti àríwá. Òkè òun ilẹ̀ ni a gbàgbé.

Ní ọdún 1637, René Descartes, ará Faransé, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ bí a ti lè fi nọ́ńbà ṣe ìṣirò nípa ibi tí nǹkan wà. Lórí pépà, nọ́ńbà méjì tó. Nínú ayé tí a ń gbé, mẹ́ta ni. Bí okùn bá ti ibì kan lọ ẹsẹ̀ bàtà 3 sí ìlà-oòrùn, 4 sí àríwá, àti 12 sí òkè, ẹ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀: 9, 16, 144. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 169, èyí tí í ṣe 13 lọ́nà 13. Okùn náà gùn ní 13. Bí ẹ bá gbàgbé 12 náà, 5 péré ni ẹ ó pè é.

Ní Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú, nígbà tí Ekpo Eyo walẹ̀ ní Igbó Lájà ní 1971, àwọn ère amọ̀ tí a rí níbẹ̀ ni a kà sí nǹkan bí ọ̀rúndún karùndínlógún. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, gígùn àti ìbú nìkan kò tó. A ní láti kọ jíjìn sílẹ̀, nítorí ohun tí ó wà nísàlẹ̀ a máa pẹ́ ju ti òkè lọ, bí a kò bá tíì da ilẹ̀ náà rú.

Nígbà ìkórè, a kó iṣu láti inú oko wa fún ìyá náà, a sì bá a tún àká rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó kọ ìdáhùn sójú pátákó, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé níbo ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn. Ẹ̀yin ọmọ, bí olùkọ́ yín kò bá bi ara rẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í.