Gègé Tí Ń Ké Kùránì

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ̀ mí sí ẹni tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ohun èlò tuntun. Bí nǹkan oníná kan bá wọ ìlú Ẹdẹ lónìí, kò ní pẹ́ tí ẹ óò fi bá a lórí tábìlì mi. Ìyàwó mi ní àìsàn ni, èmi ní ìwádìí ni.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wàláà, tàdáwà àti gègé ni ohun èlò wa. Ohun ìgbàlódé kan ṣoṣo tó wà nílé Alfa mi ni rẹ́díò oníkásẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ Philips ló gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní 1963, ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n gba ohùn Sheikh Mahmoud Khalil Al-Husary ará Íjíbítì sílẹ̀, bó ti ń ké odidi Kùránì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bíírò la fi ń yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn kí bátìrì má baà tán, bí bátìrì náà bá sì rẹ̀, a ó sá a sóòrùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó máa ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ girama ní 2013, mo yá a wò lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì rí i pé wàláà náà ni, àfi pé a kì í fi omi fọ̀ ọ́.

Nínú gbogbo ohun tí mo ti rà, kíbọọ̀dù Lárúbáwá ló kọ́kọ́ dójú tì mí. Mo fi tẹ ìbéèrè ìdánwò, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé kan, n kò sì yẹ ìwé náà wò kí n tó pín in. Gbogbo háràfì ló ti já kúrò lára wọn, wọ́n sì tò láti òsì lọ sí ọ̀tún bí ABD. Ẹ mọ̀ pé háràfì bíi áyìn ní ojú mẹ́rin: ti ìbẹ̀rẹ̀, ti àárín, ti ìparí, àti ìgbà tó bá dá dúró. Kọ̀ǹpútà tí kò bá ní ètò tí ń so wọ́n pọ̀ yóò kàn tò wọ́n bí ẹni to ẹ̀pà ni. Láti ìgbà náà, PDF ni mo ń gbé lọ. Atẹ̀wé kò ṣẹ̀ mí, èmi ni mo kánjú.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ ní pàtàkì ni gègé tí ń ké Kùránì. Alhaji kan ló bá mi rà á bọ̀ láti Mẹ́kà, òun àti Kùránì tirẹ̀ ni wọ́n sì ń tà pọ̀. Bí o bá fi ẹnu gègé náà kan áyà kan, yóò ké áyà náà. Kì í ṣe pé ó mọ Lárúbáwá o! Àwọn tó tẹ ìwé náà ti fọ́n àmì tíntìntín sójú ewé, èyí tí ojú wa kò lè tètè rí. Kámẹ́rà kékeré wà lẹ́nu gègé, àmì tó bá rí ló ń sọ ohùn tí yóò mú jáde. Bí o bá fi kan Kùránì mìíràn, yóò dákẹ́ bí igi.

Mo gbé e fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Láàárín oṣù méjì, ẹnu wọn ti là sí i, mo sì jẹ́wọ́ pé ó tún háràfì kan tàbí méjì ṣe lẹ́nu èmi náà. Àfi ọjọ́ Jímọ́ kan tí Alfa tó kọ́ mi, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wá kí wa, tí wọ́n ní kí a jọ ké Fátíhà. Bàbá ké "Maliki" láìfa ohùn. Ọmọkùnrin kan, tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, 'Maaliki' ni. Bẹ́ẹ̀ ni gègé wí." Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Ojú tì mí ju ti ọjọ́ ìdánwò lọ. Èmi tí mo gbé gègé fún wọn, n kò sọ fún wọn pé ọ̀nà kíkà ju ẹyọ kan lọ. Kíkà Hafs, tó gbà lọ́dọ̀ Asim ará Kufa, ni wọ́n fi tẹ Kùránì ní Kairo ní 1924, tó sì tàn ká ayé. Ṣùgbọ́n Warsh, tó gbà lọ́dọ̀ Nafi ará Mẹ̀dínà, ni ọ̀pọ̀ alfa àgbà ilẹ̀ Yorùbá bá lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ wọn. Bàbá kò ṣì í. Èmi fúnra mi, Warsh ni mo kọ́kọ́ kọ́ lọ́dọ̀ wọn, mo sì rọra fi í sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá kò bínú. Wọ́n ní kí n mú gègé wá, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní Al-Husary ni, sà. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ẹni inú kásẹ́ẹ̀tì mi?"

Lọ́jọ́ kejì mo wá Warsh tí Al-Husary yìí kan náà ké, mo gbé e sínú mẹ́mórì káàdì, mo kì í bọ rẹ́díò, mo sì pe gbogbo kíláàsì jọ. Ohùn tí wọ́n mọ̀ nínú gègé ké Fátíhà, ó ké "Maliki". Ọmọ náà ní kí n tún un gbé. Mo tún un gbé. Ó ní, "Ṣé ẹni yẹn náà ni, sà?" Mo ní òun náà ni. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé Bàbá Alfa, mo sì tẹ̀lé e. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ní kó dìde, kó lọ gbé wàláà wá.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ló ń lọ ka Warsh lọ́dọ̀ wọn. Gègé ṣì wà lórí tábìlì mi. Bátìrì rẹ̀ kì í gba iná dúró mọ́, èyí kò sì ṣeé sá sóòrùn.